Gìtá oníke àti ohùn tí ó sá lọ

Alẹ́ Sátidé ni mo ń kọ èyí. Apá ọ̀tún ń ro mí láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni ó fà á, ìlù ni. Láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni èmi, Dámi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, àti ìyá wa tí wọ́n ti Ìbàdàn wá kí wa, ti jókòó ti géèmù kan tí ó ju Dámi lọ́jọ́ orí: The Beatles: Rock Band, géèmù tí a fi ń ta orin ẹgbẹ́ olórin Beatles. Ọdún kẹfà mi rèé ní Liverpool, ìlú tí wọ́n ti bí àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí géèmù náà dá lé lórí, n kò sì tíì fara balẹ̀ gbọ́ orin wọn rí. Àwòrán wọn wà lára ife tíì, wọ́n wà lára ògiri, kódà orúkọ ọ̀kan nínú wọn ni pápákọ̀ òfurufú ìlú yìí ń jẹ́. Ohun tí ó bá pọ̀ tó báyẹn ní àyíká ẹni, ojú a máa fò ó.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù ni mo ti rà á: gìtá oníke kan, ìlù pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ irin, maikiróófóònù kan, àti àwo géèmù náà. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ó pé. Ó pé lóòótọ́, àfi pé ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún ìlù ńlá ti sán sí méjì. Mo fi pákó pẹlẹbẹ kan tì í lẹ́yìn, mo fi sẹ́lótéèpù wé e, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ta epo sí. Lálẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí a lù ni géèmù náà sọ pé a ṣì. Mo rò pé ọwọ́ wa ni kò dára. Dámi ni ó wá rí i pé tẹlifíṣọ̀n wa ni ó ń fà sẹ́yìn, pé ohun tí a ń gbọ́ ti ń ṣíwájú ohun tí a ń rí. A wọ inú ibi ìtò rẹ̀, a mú ojú àti etí bá ara wọn dọ́gba, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún wa.

Bí wọ́n ṣe ń fi géèmù náà ṣeré kò le láti ṣàlàyé. Ọ̀nà kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń sún bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni bí títì ṣe ń sún bọ̀ lójú awakọ̀, àwọn àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi sì ń gùn ún bọ̀. Bí àmì kan bá kan ìlà tí ó wà nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́, ìgbà náà ni onílù yóò lu ìlù tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, tí onígìtá yóò tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnì márùn-ún tí ó wà lọ́rùn gìtá, tí yóò sì fi ọwọ́ kejì gbá ohun tí ó dúró fún okùn. Akọrin ní tirẹ̀ yóò máa gbé ohùn sókè sódò lẹ́yìn ìlà kan tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó mú mi jókòó kọ èyí dípò kí n lọ sùn: bí o bá ṣi àmì kan, ohùn ohun èlò tìrẹ yóò yọ kúrò nínú orin. Àwọn yòókù yóò máa lọ. Tìrẹ nìkan ni kò ní sí níbẹ̀.

Ibi yìí gan-an ni iṣẹ́ ńlá wà fún àwọn tí ó ṣe é. Ilé iṣẹ́ Harmonix ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe géèmù náà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ọjọ́ kan náà tí àwọn àwo orin ẹgbẹ́ náà tún jáde pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Dhani Harrison, ọmọ George Harrison tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wà lára àwọn tí ó ṣe ọ̀nà tí ó fi ṣeé ṣe. Giles Martin, ọmọ George Martin tí ó bójú tó gbígba orin ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà papọ̀, ni ó sì bójú tó orin inú géèmù náà láti orí téèpù ìpilẹ̀ ní Abbey Road, sítúdíò tí wọ́n ti gba orin wọn sílẹ̀ ní London. Wàhálà tí ó bá pàdé ni pé téèpù onílà méjì tàbí mẹ́rin ni wọ́n fi gba àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tí ìlù, gìtá àti bass (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) fi lè jọ máa gbé orí ìlà kan ṣoṣo. Géèmù tí yóò yọ ohùn ẹnì kan nígbà tí ó bá ṣì í kò lè lo irú téèpù bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣa ohùn kan kúrò lára èkejì, bí ẹni tí ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Orin 45 ni ó wà lórí àwo náà. Wọ́n ta àwọn mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí, odindi àwo orin mẹ́ta wà nínú wọn, ṣùgbọ́n láti 2016 ni wọn kò ti tà á mọ́, nítorí náà 45 yẹn náà ni àwa tí a ra àlòkù ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, Dámi ni ó di gìtá mú tí ó sì ní òun fẹ́ ta bass nínú Something, orin tí George Harrison kọ, tí ó jáde ní 1969. Mo ti ń gbọ́ orin náà nínú ọkọ̀ àti nínú ọjà tipẹ́, bí o bá sì bi mí léèrè ohun tí bass ń ṣe nínú rẹ̀, n kò ní mọ̀ pé bass wà níbẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó yá, ìka rẹ̀ kọ́ ara wọn, ó ṣi bí i mẹ́fà tẹ̀ léra, ilẹ̀ sì ṣàdéédéé yọ kúrò lábẹ́ orin náà. Gìtá ń lọ, akọrin ń kọrin, ohun gbogbo sì dà bí aṣọ tí ó ń fò lórí okùn. Bí ọwọ́ Dámi ṣe tún bọ̀ sípò, mo gbọ́ bass náà bí ó ṣe wọlé padà, mo sì gbọ́ pé òun náà ń kọ orin tirẹ̀ lábẹ́ orin, tí ó ń gòkè, tí ó ń yà síhìn-ín, tí ó ń dúró de akọrin ní ìparí ọ̀rọ̀.

Gúdúgúdú ni ó wá sí mi lọ́kàn. Níbi òkú bàbá wa àgbà ní Ìbàdàn, gbogbo owó tí wọ́n ń ná, iwájú orí oníyàáàlù ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí òun ni ó ń pe oríkì. Kò sí ẹni tí ó wo ọkùnrin tí ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, tí ó ń fi awọ méjì nà án ní ohùn kan náà láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àmàlà fún un tí ó sì yà sẹ́yìn díẹ̀, oníyàáàlù kò dákẹ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹsẹ̀ àwọn oníjó yẹ̀, àwọn àǹtí mi sì ń wo ara wọn bí ẹni tí ó ń wá ohun tí ó sọnù. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó tó òní kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ìyá wa ní tiwọn kò bá ti bass lọ. Ọwọ́ Dámi ni wọ́n ń wò, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ náà, ó sì ti yí gìtá sódì.

"Dámi, òsì kẹ̀?"

"Màmá àgbà, ẹ wo òun náà," ni ó dáhùn, ó ń nawọ́ sí Paul McCartney lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó gbé bass tirẹ̀ kọ́ apá òdì lóòótọ́. "Òun náà, òsì ni."

Mo fi kún un pé Ringo Starr tí ó ń lu ìlù pàápàá, ọlọ́wọ́ òsì ni, ṣùgbọ́n ìlù tí wọ́n tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó ń lù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa ń gba ọ̀nà tí ẹlòmíràn kì í gbà. Ìyá wa ronú sí i díẹ̀. "Èmi kò ní kí ó má fi òsì ta gìtá," ni wọ́n wí. "Kí ó ṣáà má fi òsì gbé omi fún mi."

Àwọn náà ni wọ́n bi mí bóyá Paul yìí ni ó wá sí Èkó tí Fẹlá fi bá a fa ọ̀rọ̀. Òun ni. Ní 1973, nígbà tí ẹgbẹ́ ti tú ká, ó wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó wá jí kó, títí tí Paul fi gbé ohun tí ó gbà sílẹ̀ fún un gbọ́. Dámi ní tirẹ̀ fẹ́ orin Ob-La-Di, Ob-La-Da, kò sì sí lórí àwo náà. Ẹnu Jimmy Scott, ọmọ Sàpẹ́lẹ̀ kan tí ó ń lu kóńgà ní London, ni Paul ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, àwọn òyìnbó sì ti kọ ọ́ káàkiri pé Yorùbá ni. Mo yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún lẹ́nu níwájú Ìyá wa, wọ́n sì ní bí ó bá jẹ́ Yorùbá, kì í ṣe ti Ìbàdàn.

N kò ní ṣàìsọ ohun tí ó dùn mí. Nínú àwọn géèmù Rock Band tí ó ṣáájú, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún onílù láti lu ohun tí ó bá wù ú. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò nínú èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan orin náà. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ìlù tí kò gba àrà, iṣẹ́ ilé ìwé ni. Bákan náà ni ìtàn inú géèmù náà fò láti inú Cavern, ilé orin abẹ́ ilẹ̀ ti ìlú wa yìí, ní 1963, lọ sí Amẹ́ríkà, láìsí ibùdó kankan fún Hamburg ní Jámánì níbi tí ẹgbẹ́ náà ti fi òru wákàtí gígùn kọ́ iṣẹ́. Inú Abbey Road ni àwòrán wọn ti dára jù lọ lójú mi: bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ògiri sítúdíò á yọ́ dànù, wọn á sì bá ara wọn nínú ọgbà tàbí nísàlẹ̀ òkun.

Ìyá wa lọ sùn ní aago mẹ́wàá, Dámi sì ti sùn lórí àga. Mo dín ohùn kù, mo mú gìtá, mo gbé Something padà, mo sì ta bass títí dé àárín rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọwọ́ kúrò, kí n lè tún gbọ́ bí ó ṣe ń lọ.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá wa láti ẹ̀yìn ògiri: "Kí ló dé tí o fi pa á?"