Ẹ Wọn Ẹja Bí Yóò Ṣe Rí Nígbà Tó Bá Dàgbà

Bí ẹnikẹ́ni nílùú Abẹ́òkúta bá bi mí ní irú tánkì tó yẹ kí òun rà fún ẹja ọ̀ṣọ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni orúkọ ẹja náà àti bí yóò ṣe tóbi tó nígbà tó bá dàgbà tán, nítorí pé ọmọ ẹja ni wọ́n ń tà fún wa. Oscar tí mo ń sìn nílé mi ní Ìbarà kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n ẹja agbègbè odò Amazon ni, ó sì máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹja tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3, tó wá di 30, ti gùn sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó ti fẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀, ó sì ti ga sí i bẹ́ẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ á wúwo ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Bí ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni oúnjẹ àti ìdọ̀tí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti ara rẹ̀ àti láti inú ìdọ̀tí náà ni amóníà ti ń wọ inú omi, èyí tó lè pa ẹja bí omi tilẹ̀ mọ́ gaara lójú wa. Àwọn kan gbà pé ẹja kì í dàgbà ju ibi tí a bá fi í sí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí pé omi búburú àti ìnira ló ń sọ irú ẹja bẹ́ẹ̀ di ràrá, kì í sì í pẹ́ láyé.

Fún Oscar kan ṣoṣo, ẹ sọ fún àwọn agégíláàsì pé kí wọ́n ṣe é ní sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 50 ní fífẹ̀ àti 50 ní gíga, èyí tó ń gba lítà 300. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ti ń yípo. Tánkì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga dára wò ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ojú omi rẹ̀ kéré, ojú omi sì ni ọ́síjìn ń gbà wọlé. Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, ẹ sì mọ bí oòrùn ìlú wa ṣe ń mú; bí iná bá wá lọ tí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi dúró, omi púpọ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni yóò gbé ẹja dúró fún ìgbà díẹ̀.

Lítà 300 yẹn nìkan wúwo tó àpò símẹ́ǹtì mẹ́fà, kí a tó ka gíláàsì mọ́ ọn. Orí irin tí wọ́n jó dáadáa ló yẹ kó wà, kì í ṣe orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti arowana tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, àti ẹja àrọ̀ onírù pupa ti Gúúsù Amẹ́ríkà tó máa ń ju mítà kan lọ, mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà wọ́n. Bí wọ́n bá tóbi ju ilé lọ, kò yẹ kí a dà wọ́n sínú odò Ògùn, níbi tí wọn kì í ti í ṣe ọmọ odò. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò gba tánkì ńlá lè sin guppy, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, nínú lítà 60.