"Ta ló sọ ọ́?": Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Òkun o, gbogbo ilé.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù wa, ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogí. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, a sì jọ ń pàdé lọ́jà. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò nínú ẹgbẹ́ yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí a ṣe ń mú ìròyìn wá síwájú ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ lè ní kí ló tún wà nínú ìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí ìyá kan fi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí ò jẹ́ kí n rójú jẹun.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí lọ́dún 2024. Látìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ wọ mọ́tò láti Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́ja á kọ́kọ́ jókòó ṣírò ni. 30,000 náírà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 ṣì ni owó oṣù tó kéré jù lọ nínú òfin. Àwọn ọ̀gá wa ní NLC àti TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjèèjì ti orílẹ̀-èdè, béèrè 615,000, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 494,000. Ìjọba àpapọ̀ ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 48,000, ó ń fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀díẹ̀ lé e bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, wọ́n ní ká fiṣẹ́ sílẹ̀, a sì ti géètì káńsù pa. Iná ìjọba kú káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ náà. Àwọn ará abúlé tiwa kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣé iná wà tẹ́lẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró kí wọ́n lè padà sídìí ìjíròrò. Àkókò tí kò sí nǹkan tó dájú báyìí gan-an ni àhesọ máa ń ríbi gbé.

Ohùn kan wọlé sórí WhatsApp mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ń pariwo bí ẹni wà nínú yàrá ìpàdé: ọ̀rọ̀ ti parí l'Ábújá, 100,000 ni wọ́n fẹnu kò sí, oṣù kẹfà yìí gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀. Mi ò bi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi níbi tó ti rí i. Òun náà ò ṣáà mọ̀. Ká má parọ́, ẹnu ló ń yún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dìde nípàdé láti sọ pé "ẹ ṣì máa ní sùúrù", ó sì ti sú mi láti máa jẹ́ oníròyìn burúkú. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo ké "Sólídárítì!", wọ́n dáhùn "Fọ́rẹ́fà!", mo sì ka owó náà jáde. Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Àwọn kan gbá mi mọ́ra, àfi bí ẹni pé láti inú àpò mi ni owó náà ti ń bọ̀.

Ìyá tí mo ń sọ yìí wà lára àwọn tó jó. Agbálẹ̀ ọ́fíìsì ni. Lọ́sẹ̀ náà, ó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó yá 150,000 láti san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ àti láti fi páànù tuntun rọ́pò èyí tí ìjì ṣí. Ó ti bá ara rẹ̀ ṣírò iye tí wọn yóò máa yọ lóṣooṣù, orí 100,000 tèmi ló sì gbé ìṣirò náà kà. Nígbà tí owó oṣù kẹfà wọlé, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà. Wọ́n yọ ti ẹ̀yáwó. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ra àpò gàrí.

Kò pariwo lé mi lórí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Ìwọ lo kà á fún wa. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi ka èyí tó kù."

Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ṣàlàyé pé èmi ni mo fa ọ̀ràn náà, mo sì fọwọ́ síwèé pé n ó ṣe onídùúró kí wọ́n lè fa àkókò ìsanwó rẹ̀ gùn, kí iye oṣooṣù dínkù. Ìyẹn rọrùn. Ohun tó nira ni ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Mo ti fẹ́ fi ọgbọ́n yí i, kí n ní "ìròyìn tẹ́ ẹ gbọ́ lọ́jọ́sí ti yí padà." Alága wa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Ó ní kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀, irọ́ ni mo gbé wá, kí n pè é ní irọ́. Mo pè é bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí dé egungun. Ẹ gbọ́ èyí o: ibi tẹ́ ẹ bá ti sọ àṣìsọ náà ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, níwájú àwọn èèyàn kan náà, pẹ̀lú ohùn tó lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má lọ lẹ àtúnṣe mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Alága yìí, mo ti máa ń fojú ọ̀lẹ wò ó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwárà, ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá bi í ní nǹkan, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju "A ò tíì gbọ́" lọ. Mo rò pé kò mọ nǹkan kan ni. Àṣé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn ń dúró de èyí tó fìdí múlẹ̀ ni. Ó bá mi jókòó lọ́jọ́ náà, ó ní ìròyìn owó ní ilé mẹ́ta tó ń gbé: ẹnu, ìwé, àpò. Èyí tó ṣì wà lẹ́nu, pè é ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí tó wà nínú ìwé, sọ ẹni tó buwọ́ lù ú àti ọjọ́ tó buwọ́ lù ú. Èyí tó ti dé àpò, kò nílò akọ̀wé mọ́, wọ́n á rí i fúnra wọn.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí mo fi rí ibi dán an wò. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, pé kò bófin mu kí ìpínlẹ̀ máa dì í mú. Fún òṣìṣẹ́ káńsù, èyí kì í ṣe ìròyìn kékeré! Fóònù mi ò sinmi dòru. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé báńkì wo ni wọ́n san án sí.

A ò sùn, èmi àti alága. A fi ìlà pín ìwé sí méjì. Ní apá kan, a kọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ. Ní apá kejì, ohun tí wọn ò sọ: wọn ò sọ pé owó oṣù wa yóò lé, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ yóò wọlé. Àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bẹ̀rù ní tiwọn pé bí gbogbo owó bá bọ́ sọ́wọ́ káńsù, ta ni yóò rí i dájú pé tiwọn ń jáde? A kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè, a ò dáhùn ohun tí a ò mọ̀. Ìpàdé ọjọ́ náà ò dùn. Kò sẹ́ni tó jó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ yáwó.

Nígbà tí ààrẹ wá buwọ́ lu òfin 70,000 lọ́jọ́ 29 oṣù keje yẹn, a kà á fún wọn bó ṣe wà: ó ti kúrò lẹ́nu, ó ti wọnú ìwé, kò tíì dé àpò. Ó di oṣù kẹwàá kí gómìnà Kogí tó kéde 72,500 fún ìpínlẹ̀ tiwa. Ẹ wo iye oṣù tó wà láàárín! Ká ní a ti jẹ́ kí wọ́n máa ná an láti oṣù keje ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó tún dá wàhálà sílẹ̀ lásìkò yẹn ni ti àwọn tó wà ní ipele òkè. Wọ́n rí i pé 30,000 ti di 70,000 ó lé, àwọn náà bá sọ owó tiwọn di ìlọ́po méjì lọ́kàn. Ìwé tó ń ti òkè wá ń pe àfikún tó kan àwọn tí owó wọn ti ju èyí tó kéré jù lọ ní "consequential adjustment", àwa akọ̀wé sì ń kà á jáde bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ka ọfọ̀. Alága ló mú àwọn ọmọ iléèwé wọnú ọ̀rọ̀. Ó ní bí ọmọ tó kúrú jù lórí ìlà bá gun orí àpótí, olùkọ́ á gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó kù kí kúkúrú má baà ga jù wọ́n lọ, kò ní í wá àpótí kan náà fún gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yé wọn. Látọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo tún kà nípàdé kí n tó wá ọ̀nà tí màmá mi ì bá fi gbà á gbọ́.

Èdè ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa ju bí àwọn tó wà ní Lọ́kọ́ja ti rò lọ. Ìjùmú wà nínú ẹgbẹ́, Yàgbà wà, Òwé àti Bùnú wà, a sì ní àwọn Ẹ̀bìrà àti Nupe láàárín wa. Bí ẹ bá fi èdè ilé yín nìkan sọ̀rọ̀, àwọn kan á rò pé ẹ ń pín nǹkan tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ tún un sọ.

Ẹ tún ro ti àwọn tí kì í wá sípàdé. Ọdẹ tó ṣọ́ káńsù mọ́jú ń sùn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ tí a ń pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà ní abúlé tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gun òkè kí fóònù tó mú nẹ́tíwọ̀kì. Àhesọ máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má bi mí bó ṣe ń débẹ̀. Àtúnṣe ni kì í dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn sójú ìwé kan ṣoṣo, lẹ́tà gàdàgbà, ọjọ́ lókè, orúkọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé àjẹsára lọ ló ń bá wa mú un lọ. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wọn kò kéré sí tiwa, kí ló dé tí ìròyìn tiwọn á fi máa di àjẹkù?

Ti àwọn olóṣèlú, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n á fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ bá wọn kéde rẹ̀, pẹ̀lú "nǹkan tútù" fún ìpàdé. Ẹ mu omi yín.

Mo ra ìwé kan tó ní ẹ̀yìn pupa. Gbogbo ìròyìn tó bá wọlé, mo ń kọ ọjọ́, ẹni tó sọ ọ́, àti ilé tó wà nínú mẹ́ta yẹn. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ 100,000 sí, mo sì kọ orúkọ ara mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá náà san ẹ̀yáwó rẹ̀ tán. Ó ṣì ń kí mi dáadáa, àmọ́ kò tún jó nípàdé mọ́. Ìwájú ló ń jókòó sí, bí mo bá sì ti la ẹnu, òun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló sọ ọ́?"

Mo ti gbé ìwé náà fún akọ̀wé tuntun báyìí. Òfin ọdún 2024 yẹn ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún owó oṣù tó kéré jù lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Bí a bá kà á láti oṣù keje ọdún 2024, ọdún 2027 nìyẹn, àwọn aláhesọ á sì kọ́kọ́ débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin náà pè mí lálẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní..."

Mo ní, "Ìwé pupa yẹn dà?"