Ẹ má dá prednisolone dúró lójijì

Orúnkún ń dun màmá ní Iléṣà, wọ́n di oògùn mọ́ra fún wọn ní kẹ́mísìtì. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú ara wíwú àti ìrora rọlẹ̀, lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ̀yà ara tó wà lórí kíndìnrín, tó ń pèsè cortisol (èròjà ara tí prednisolone ń ṣe bíi rẹ̀), lè ti káwọ́ gbera. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè máa bì, kí òòyì kọ́ ọ, kí ìfúnpá já wálẹ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é!

Ẹni tó ń lo 20mg, dókítà lè yọ hóró 5mg kan lọ́sẹ̀ títí á fi di 10mg. Láti ibẹ̀ ni sùúrù ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n á máa yọ ìdajì hóró, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. (Èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára kò ṣeé dá sí méjì.) Bí àìsàn líle tàbí iṣẹ́ abẹ bá yọjú láàárín, ẹ tètè sọ fún dókítà, wọ́n lè ní láti gbé ìwọ̀n oògùn náà sókè padà.