Omi ewúro lè gba irin lọ́wọ́ ásíìdì o

Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí tó sì wo ìsàlẹ̀, ó ti rí bí páànù orí ilé wa l'Abẹ́òkúta ṣe pọ́n rúsúrúsú. Ìdóògún nìyẹn, omi àti atẹ́gùn ló ń fà á. Àmọ́ ti ásíìdì ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Nílé iṣẹ́, kí wọ́n tó fi síńkì bo irin, inú ásíìdì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rì í sí kí ìdóògún ara ẹ̀ lè ṣí kúrò, ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ásíìdì bá jẹ ìdóògún yẹn tán, irin gan-an ló kàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da kẹ́míkà mìíì sí i tó máa dáàbò bo irin. Púpọ̀ nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dènà ìdóògún ló léwu. Ẹ wo chromate tí wọ́n lò fún ọdún gbọọrọ nínú omi tó ń tu ẹ̀rọ lára, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró! Irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ Odò Ògùn láéláé.

Ibẹ̀ ni ewé ti wọlé. Ewúro, efinrin, dongoyárò, àwọn onímọ̀ ti dán gbogbo wọn wò. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ méjì, wọ́n á wọ̀n wọ́n, ọ̀kan á wọ inú ásíìdì lásán, èkejì á wọ inú ásíìdì tí wọ́n da omi ewé sí, tó bá yá wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á gbẹ wọ́n, wọ́n á tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó ní ewé ò ní fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Àwọn èròjà inú ewé tí wọ́n ń pè ní tannin, alkaloid àti flavonoid ló ń lẹ̀ mọ́ ara irin, tí ásíìdì ò fi ráyè kàn án dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọ̀bẹ irin bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ṣé ẹ ti rí bí ọ̀bẹ yẹn ṣe máa ń dúdú? Tannin ló di irin mú yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi ewúro pa géètì o, kì í ṣe ọ̀dà, òjò ẹ̀ẹ̀kan báyìí á fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀yin wẹ́dà wa náà, ásíìdì tẹ́ ẹ da ewé sí, ásíìdì ṣì ni, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé inú láàbù ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ń parí sí. Omi ewé máa ń bàjẹ́, agbára ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ti ìgbà òjò lè má dọ́gba, tí ásíìdì bá sì gbóná, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lẹ̀ mọ́ irin yẹn á jábọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn sọ fún wa pé ewé kan tún ṣiṣẹ́. Ẹ gbé omi ewé yẹn pamọ́ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ wá dán an wò nínú ásíìdì gbígbóná, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó kù nínú agbára ẹ̀.