Jáàsì lórí gìtá náílọ́ọ̀nù, kí orin Ọ̀kun má baà sọnù nínú rẹ̀

Ẹni tó bá ti kọ́ gìtá kíláásíkà, èyí tó ń lo okùn náílọ́ọ̀nù, fún ọdún mélòó kan, tí jáàsì wá wọ̀ ọ́ lára, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe sí orin ilẹ̀ wa ni kó kó kọ́ọ̀dù ńláńlá (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) lé e lórí. Á dùn létí àwọn tí wọ́n jọ kọ́ gìtá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ta á níwájú àwọn ìyá tó ń lé orin níbi ìgbéyàwó ní Kàbbà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ àwa Yorùbá Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Wọ́n á ní ọmọ náà gbọ́ gìtá, wọn ò sì ní dá orin náà mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni ín. Jáàsì kọ́ ló burú. Gìtá ló gbé ọ̀rọ̀ inú orin mì.

Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń fa orin wa síwájú. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mi fún òkè, ẹ gbé e sórí gìtá bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ mú okùn kẹrin, èyí tó ń jẹ́ D. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, ó di dò. Fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kejì ni re, ìkẹrin ni mi. Ẹ ta re àti mi: igbá. Ẹ ta re lẹ́ẹ̀mejì: igba. Ẹ ta dò lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà. Dò àti mi: ìgbá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lórí okùn kan ṣoṣo yìí, láàárín fúrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ dárà, tó yí re-mi padà sí dò-dò nítorí pé kọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ wù ú bẹ́ẹ̀, ó ti fi ìgbà rọ́pò igbá olórin.

Orin kì í dúró lórí dò, re, mi nìkan ṣá o. Ó máa ń gun sọ́ọ̀ àti là, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ibi tí ohùn kọjú sí: bóyá ó ń gòkè, ó ń sọ̀, tàbí ó dúró. Ohun kan tún wà tí àwọn tó kọ́ gìtá nínú ìwé máa ń fò. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà, yíyọ́ ló ń yọ́ gòkè. Ẹ pe ìgbá jẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Lórí gìtá, ẹ ta dò, ẹ gbé ìka lé fúrẹ́ẹ̀tì kejì bí ẹ ṣe ń ta èkejì, kí ẹ sì fà á lọ sí ìkẹrin lójú ẹsẹ̀ láìgbé ìka kúrò. Ẹ má ṣe gbìyànjú àtitẹ okùn sí ẹ̀gbẹ́ bí àwọn onígìtá iná ṣe ń ṣe. Náílọ́ọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè bí wọ́n bá tì í sí ẹ̀gbẹ́. Fífà ló mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù kankan, ẹ kọ orin náà lẹ́nu títí tí yóò fi dá yín lójú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi sọ́ọ̀fà kọ ohùn orin sábẹ́ ọ̀rọ̀. Sọ́ọ̀fà kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ta á pẹ̀lú ìka kan, láìsí béèsì, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ orin náà gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹ kọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún yín, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yá.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí: àwọn ẹ̀yà Ọ̀kun, ìyẹn Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kò pe gbogbo ọ̀rọ̀ bákan náà. Bí orin bá jẹ́ ti Ìyàgbà, ẹ má fi ohùn Yorùbá inú ìwé tún un ṣe. Ohùn ẹnu ẹni tó ń kọ ọ́ ni kí ẹ tẹ̀lé, ìbáà yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ilé ìwé.

Ìlù ló kàn. Agogo kónkóló tí etí gbogbo Yorùbá mọ̀ máa ń pín àkókò sí 12. Bí ẹ bá ka ení dé éjìlá, agogo á dún lórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12, yóò sì tún padà sí 1. Ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ lórí 1, 4, 7 àti 10. Ẹ wá wo swing jáàsì, tí ohùn gígùn àti kúkúrú ń tẹ̀lé ara wọn: tí ẹ bá pín in sí 12 náà, 1 àti 3, 4 àti 6, 7 àti 9, 10 àti 12 ló ń bọ́ sí. Ibi márùn-ún ni òun àti agogo ti pàdé, ìyẹn 1, 3, 6, 10 àti 12. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni 5 àti 8. Abájọ tí ẹni tí swing ti mọ́ lára fi máa ń dà bíi pé ó wà nínú ìlù, síbẹ̀ tí àwọn tó ń jó ò lè gbé ẹsẹ̀. Ó ń fo 5, ó sì ń fa 8 lọ sí 9.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nìyí. Ẹ fi àtàǹpàkò ta okùn kẹfà lórí 1, 4, 7 àti 10. Ẹ jẹ́ kí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín máa ta agogo lórí okùn kejì, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ka àkókò sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, kí títa rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ kan. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí tí 8 yóò fi dúró síwájú 9 láìjẹ́ pé ẹ̀ ń kà á lẹ́nu. Ẹ wá máa fi márùn-ún márùn-ún gbé e sókè títí dé 100. Kì í ṣe gbogbo orin Ọ̀kun ló ń lo agogo yìí o, nítorí náà ẹ gbọ́ ohun tí alágogo ibẹ̀ ń lù, ẹ kà á sórí 12 tàbí 16, kí ẹ sì fi kọ́ ọwọ́.

Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn kọ́ wa ní nǹkan kan náà. Charlie Byrd ará Amẹ́ríkà lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Andrés Segovia, ọ̀gá gìtá kíláásíkà ọmọ Spain, ní 1954, ó padà sílé, gìtá náílọ́ọ̀nù náà ló sì fi ta jáàsì àti orin Brazil. Baden Powell ọmọ Brazil (1937–2000) kọ́ kíláásíkà dáadáa, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kì í kúrò lórí ìlù. Ní 1966, òun àti akéwì Vinicius de Moraes gbé àwo kan jáde tí wọ́n ti ń kọrin sí Xangô, Iemanjá àti Ossanha. Ṣàngó, Yemọja àti Ọ̀sanyìn wa ni. Bí ẹni tó wà lókè òkun bá lè jẹ́ kí ìlù ilé wa ṣe ọ̀gá fún kọ́ọ̀dù jáàsì, kò sí ìdí tí àwa tí a wà nílé kò fi ní lè ṣe é.

Kọ́ọ̀dù wá kàn. Ẹ sọ okùn kẹfà kalẹ̀ láti E sí D, kó lè bá okùn kẹrin dọ́gba, kó kàn jìn jù ú lọ. Nínú ohùn D, orin olóhùn márùn-ún (dò, re, mi, sọ́ọ̀, là) jẹ́ D, E, F#, A àti B. Kọ́ọ̀dù kan wà tí àwọn onijáàsì ń pè ní D6/9, ohùn márààrún yìí gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ okùn kẹrin àti ìkẹta ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹrin, okùn kejì àti èkíní ní ìkarùn-ún, kí ẹ fi okùn kẹfà àti ìkarùn-ún sílẹ̀ láìtẹ̀. Kò sí ohùn kankan nínú orin náà tí yóò bá a jà. Orí rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kọ́ọ̀dù A13 tí gbogbo onijáàsì fẹ́ràn. C# wà nínú rẹ̀. Bí olórin bá dúró lórí dò, tó jẹ́ D, C# á máa há a lọ́fun. Ẹ yọ C# kúrò, kí ẹ sì yọ F# náà: okùn karùn-ún láìtẹ̀, okùn kẹrin ní fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ìkẹta ní ìkẹrin, ìkejì ní ìkarùn-ún. A, G, B àti E ló kù. Ó ṣì ń fa orin padà sílé, kò sì bá dò jà mọ́.

Èyí tó dára jù létí mi ni kí ohùn òkè dúró, kí àtàǹpàkò nìkan máa rìn. Ẹ di F#, B, E àti A ti D6/9 yẹn mú. Okùn kẹfà láìtẹ̀ fún yín ní D. Okùn karùn-ún láìtẹ̀ fún yín ní A. Fún G, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ fúrẹ́ẹ̀tì kẹrin pẹrẹsẹ lórí okùn mẹ́rin, kí ìka àárín tẹ okùn kẹfà ní fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, kí ìka òrùka àti ọmọńdinrín mú okùn kejì àti èkíní. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló dé yẹn, ti G sì kún fún jáàsì gidi, síbẹ̀ orin tó wà lókè kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà lábẹ́ òun. Bí ọwọ́ bá ń dùn yín lórí G, ẹ fi okùn èkíní sílẹ̀, kò ní já mọ́ nǹkan kan.

Gìtá fúnra rẹ̀ nílò ìtọ́jú nílẹ̀ wa yìí. Ẹ má fi okùn irin sórí gìtá kíláásíkà láéláé. Okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fà tó nǹkan bí 40 kílò, okùn irin lè fà tó 70. Gúlúù nìkan ló di bíríìjì (igi tí okùn so mọ́) mú mọ́ àyà gìtá náà, kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sì sí irin nínú ọrùn ọ̀pọ̀ wọn. Bíríìjì á kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn sókè bí èékánná, lẹ́yìn náà á já. Bí ẹ bá fẹ́ ra okùn, ẹ ra méjì papọ̀, torí wọn kì í sábà sí ní ìtòsí. Okùn tuntun á máa rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má gbé e lọ sí òde lọ́jọ́ tí ẹ fi sí i.

Ọyẹ́ burú fún un ju òjò lọ. Láti December sí February, igi á gbẹ, á sún kì. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá: bí etí fúrẹ́ẹ̀tì bá ń họ ọwọ́ yín, igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ yóò rì, okùn á máa kùn, àyà á sì là. Ẹ dá ihò sí ara ike ọṣẹ, ẹ fi fóòmù tí ẹ ti rẹ sómi sínú rẹ̀, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ gbé e sínú àpótí gìtá lẹ́bàá ọrùn. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ méjì méjì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin kò wọ́n púpọ̀, 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó wà. Búùtù mọ́tò ní ọ̀sán kì í ṣe ibi ìpamọ́ fún gìtá.

Ní òde, okùn náílọ́ọ̀nù kò ní irin tí mágínẹ́ẹ̀tì gìtá iná lè gbọ́, nítorí náà irú ẹ̀rọ yẹn kò wúlò. Ẹ gbé máíkì sí iwájú ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, ìyẹn fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ihò, á máa dún bí àgbá. Bí sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ẹ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, pàápàá láàárín 100 sí 200 Hz, kí ẹ tó dín gbogbo ẹ̀ kù. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn sípíkà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gìtá wà ní ìta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Dò àwọn ìyá kì í sábà jẹ́ D. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e wá bá yín, kápò, ìdè tó ń tẹ gbogbo okùn papọ̀ lórí ọrùn gìtá, ni kí ẹ lò. Bí dò wọn bá wà ní F, kápò á wà ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹta. Kápò tí wọ́n ṣe fún gìtá okùn irin máa ń tẹ̀ kọdọrọ, ọrùn gìtá kíláásíkà sì tẹ́jú, nítorí náà àwọn okùn kan á máa kùn. Èyí tó tẹ́jú ni kí ẹ rà.

Ẹ má dárà lórí ohùn ẹni tó ń lé orin. Kí ó lé e, kí elégbè gbè é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó gba àkókò tiyín, kó má sì ju kí agogo yí po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá ti fẹ́ parí, ẹ dá kọ́ọ̀dù dúró, ẹ ta gbólóhùn àkọ́kọ́ orin náà lásán, ìka kan, okùn kan, bí ẹ ṣe ta á nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Olórí orin á ti mọ̀ pé ó kan òun.