Gígé ilé ní mítà 1,20

Ọjọ́rú, Àjàṣẹ́

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ló pè mí láàárọ̀ yìí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá wò ó. Mo fi claustra, búlọ́ọ̀kù oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá yẹn, sí ògiri ilé ìdáná. Tí mo bá yí ilé náà wò, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lórí pílánù." Ó ti pa á rẹ́, ó ti tún un ṣe, ó kù díẹ̀ kó pa kọ̀ǹpútà pàápàá. Mo bi í pé ibo ni claustra náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ó ní mítà 1,80. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pílánù ni ilé tí a dúró lókè wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni la ìbẹ́pẹ ní ìbú ni, tó gbé apá òkè kúrò, tó wá ń wo ìyókù. Ohun tó bá wà lókè ojú ọ̀bẹ ti bá apá òkè lọ. Nínú Revit tiwa, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, tó ń sọ Faransé, "plage de la vue" la ti ń sọ ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, mítà 1,20 ló ti ń gé, òkè rẹ̀ wà ní 2,30, ìsàlẹ̀ wà ní òdo, ibi tí ojú rẹ̀ mọ nísàlẹ̀ náà wà ní òdo. Mítà 1,20 bọ́gbọ́n mu lóòótọ́: ó ń gba inú ilẹ̀kùn kọjá, ó sì ń gba inú fèrèsé tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà kan. Àmọ́ ẹni tó yàn án kò ro ti ilé ìdáná àdúgbò wa, níbi tí a ti ń gbé claustra sókè kí èéfín lè jáde, kí ojú aládùúgbò má sì wọ inú ìkòkò wa.

Bírìkìlà tí kò bá rí ihò lórí ìwé, búlọ́ọ̀kù ló máa tò dé òkè. Ó di kí wọ́n máa fi òòlù dá ihò sára ògiri tí a ti ra sìmẹ́ńtì fún.

Ọmọ náà fẹ́ gbé ọ̀bẹ gbogbo ilé sí mítà 2. Mo ní rárá, fèrèsé tó parí ní 1,90 kò ní hàn mọ́, torí ọ̀bẹ á gba orí rẹ̀ kọjá. Ńṣe la fa ààlà yí ògiri yẹn nìkan ká, a sì fún inú ààlà náà ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ lè pọ̀, wọ́n lè fara kanra, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gbọdọ̀ gun èkejì. Àwọn kan á kàn fọwọ́ fa ìlà tó ń gé, tó ń gé síbẹ̀, kó dúró fún claustra. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí claustra bá sún lọ́la, ìlà náà á dúró síbẹ̀, á máa parọ́.

Ògiri kúkúrú ẹ̀yìnkùlé tún mú ìbéèrè wá. Mítà 1,50 ni, ọ̀bẹ gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ Revit yà á bí ohun tí a kò gé. Òfin wọn ni: ògiri tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ 6 (bíi mítà 1,83), wọn kì í gé e. Fún ògiri kékeré tó pín pálọ̀ níyà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún ògiri ọgbà, ó máa ń bí mi nínú.

Lọ́sàn-án, a padà sórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé kọ́ káàkiri ìlú yìí. Àgbàlá rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 60 rẹlẹ̀ ju yàrá lọ. Ilẹ̀ àgbàlá hàn, nítorí Revit ń ṣàánú ilẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí kò bá rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ 4 (bíi mítà 1,22) lọ sí ìsàlẹ̀. Gọ́tà omi òjò kò rí irú àánú yẹn gbà. Ìgbà tí mo rọ ojú pílánù náà sílẹ̀ dé mítà kan sábẹ́ òdo ló tó yọ.

Ọ̀gá ti fi "gabarit de vue", ìyẹn àpapọ̀ ètò tó ń pinnu bí pílánù ṣe máa hàn, ti gbogbo rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà dá sún ọ̀bẹ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún ìwé àwọn bírìkìlà, tí a ti yọ bẹ́ẹ̀dì àti àga kúrò. Ṣùgbọ́n Ìyá tó ni ilé kò bèèrè bí ògiri ṣe nípọn tó. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì òun máa wà ló fẹ́ rí, àti ọnà orí fèrèsé iwájú. Bẹ́ẹ̀dì rọrùn, mo ti ṣe gabarit ti Ìyá lọ́tọ̀. Ọnà yẹn ga ju ọ̀bẹ èyíkéyìí lọ. Ọ̀gá ṣì ní kí n wá ọ̀nà fi í sórí pílánù. Mo sọ fún Ọ̀gá pé lórí àwòrán ojú ilé ni mo máa yà á sí.