Owó Orí Tọkọtaya Tí Ń Gbé Ìpínlẹ̀ Méjì: Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Ìbàdàn, tí ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, owó orí kò fìgbà kan di ọ̀rọ̀ láàárín wa. Agbanisíṣẹ́ kálukú ti yọ ọ́ kí owó oṣù tó tẹ̀ wá lọ́wọ́: Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba tèmi, Ìpínlẹ̀ Èkó gba tirẹ̀, nítorí ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá tọkọtaya ni wá. Lóòótọ́, òfin ní kí olúkúlùkù kọ iye tó wọlé fún un ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí, ṣùgbọ́n láàárín àwa olùkọ́ tí a jọ wà, n kò rí ẹni tó ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n ń béèrè. Brooklyn ní ìlú New York ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Jacksonville ní Florida ni ọkọ mi wà, Florida kì í sì í gba owó orí lórí owó oṣù. A máa ń kọ ìwé owó orí ti ìjọba àpapọ̀ pọ̀ kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó kọjá, ìyẹn sì ń dín ohun tí à ń san kù. Nígbà tó kan ti New York, ẹni tí ń bá wa ṣe ìwé náà tún pa wá pọ̀. Mo ti mú bírò láti fọwọ́ sí i kí n tó rí i pé owó tí ọkọ mi pa ní Florida, láìṣiṣẹ́ ọjọ́ kan ní New York, wà nínú iye tí ìpínlẹ̀ New York fẹ́ gba owó orí lé lórí. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá jẹ́ olùgbé, tí èkejì kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá yàn láti kọ ọ́ pọ̀, a ó ka àwọn méjèèjì sí olùgbé. Mo ní kí ó tún un kọ, kí ó fi mọ lórí èmi nìkan.

Èyí tó dùn mí jù ni kíka ọjọ́. Níwọ̀n bí ilé mi ti lè jẹ́ ilé ọkọ mi lójú òfin, bí ó bá lo 184 ọjọ́ ní New York láàárín ọdún, wọ́n lè kà á sí olùgbé, wákàtí díẹ̀ nínú ọjọ́ kan sì lè di odidi ọjọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ni mo ṣe gbé kàlẹ́ńdà kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, tí mo ń fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí ó bá wà lọ́dọ̀ mi, tí mo sì ń kó àwọn ìwé tí ó fi wọ bàálù sínú agolo mílíìkì. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń retí rẹ̀ láti Èkó, omi àmàlà á ti wà lórí iná, n kò sì ka ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Lọ́dún tó kọjá, àmì pupa náà jẹ́ 61. Ì bá wù mí kí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.